Ẹ yé pa Orca lẹ́nu mọ́: àṣìṣe táwọn tó ń lo Linux máa ń ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ áàpù fún Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá èèyàn fi Linux sórí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Orca, screen reader tó ń ka nǹkan sétí ẹni tí ò ríran, kì í wo ojú kọ̀ǹpútà o. Ohun tí áàpù bá sọ fún un nìkan ló mọ̀, AT-SPI ló sì ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Tí áàpù bá dákẹ́, kí ni Orca fẹ́ sọ?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni bọ́tìnì tí ò lórúkọ. Ẹ ya garawa ìdọ̀tí sórí bọ́tìnì, ó rẹwà lójú yín, ó parí. Mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan tí ò ríran níjọ́sí, ó ṣí áàpù kan, ó tẹ Tab, Orca ní "button", ó tún tẹ̀ ẹ́, "button", ìgbà mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ló ń pa fáìlì rẹ́, kò sì mọ èwo ni, ló bá gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó dùn mí gan-an torí ìlà kọ́ọ̀dù kan péré tó ń fún bọ́tìnì lórúkọ ló máa yanjú ẹ̀: tó bá jẹ́ Qt lẹ fi kọ ọ́, setAccessibleName ni, tó bá jẹ́ GTK 4, GTK_ACCESSIBLE_PROPERTY_LABEL ni. Ẹ má sì kọ "àwòrán garawa" síbẹ̀ o, iṣẹ́ tí bọ́tìnì ń ṣe ni kẹ́ ẹ kọ, "Pa rẹ́".

Èkejì ni NO_AT_BRIDGE=1, ìlà tó ń ní káwọn áàpù má bá AT-SPI sọ̀rọ̀. Tí terminal (ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ) bá ń pariwo pé òun ò rí accessibility bus (ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ AT-SPI ń gbà), àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì /etc/environment. Ẹ má dán an wò! Ariwo yẹn á lọ lóòótọ́, àmọ́ àwọn áàpù GTK 3 ò ní bá Orca sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tó bá wá lo kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn yín á máa rò pé Orca ló bàjẹ́. Bákan náà lẹni tó yọ speech-dispatcher dànù torí pé ó fẹ́ kí Linux ẹ̀ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ speech-dispatcher yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ Orca lọ fún eSpeak NG tó ń sọ ọ́ jáde.

Ẹ má fi sudo (àṣẹ tó ń fún èèyàn lágbára alábòójútó kọ̀ǹpútà) ṣí Orca náà.

Tẹ́nì kan bá sì ní àwọn kọ́kọ́rọ́ Orca ò dá òun lóhùn lórí Wayland (ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà), ẹ má sọ pé kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ẹ̀dà GNOME (ojú iṣẹ́ Linux) wo ló ń lò, torí GNOME 48 tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2025 ló tún ọ̀rọ̀ CapsLock, tí wọ́n máa ń fi ṣe kọ́kọ́rọ́ Orca, ṣe.

Àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ẹ ti dán áàpù yín wò pẹ̀lú Orca, tẹ́ ẹ sì lajú sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń wo gbogbo ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìdánwò. Lórí GNOME, ẹ tẹ Super (kọ́kọ́rọ́ Windows), Alt àti S pọ̀ láti ṣí Orca, ẹ pa iná ojú kọ̀ǹpútà, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti fi kíbọ́ọ̀dù nìkan sefù fáìlì kan. Ibi tí Orca bá ti ní "button" lásán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.