Kí Orúkọ Yín Ṣáájú Oúnjẹ: Bí A Ṣe Ń Wá Ìrànlọ́wọ́ Oúnjẹ ní Ilẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Láti oṣù Kẹrin títí iṣu tuntun yóò fi jáde ni ebi máa ń mú jù lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Iṣu inú àká ti di èèbù inú ebè, àgbàdo kò tíì gbó, owó kajú sì ti bá gbèsè àti owó ilé-ìwé lọ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní àwọn ibùdó ìlera kéékèèké ní Yàgbà àti Ìjùmú kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kábà. Àsìkò yìí ni àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ wá, tí wọ́n á ní ibà ló ń ṣe é. Tí a bá yẹ ọmọ náà wò dáadáa, ebi ni. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Àwọn kan kò mọ ibi tí wọ́n lè yà sí. Àwọn mìíràn mọ̀, ojú ló ń tì wọ́n. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ kì í wá ènìyàn kiri. Orúkọ ló ń tẹ̀ lé. Kí àpò ìrẹsì kan tó dé Kábà tàbí Ìsánlú, ẹnìkan ti jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó ti kọ orúkọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń já ẹrù, ó ti pẹ́. Torí náà, kí orúkọ yín ti wà nílẹ̀ ṣáájú ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kó sì wà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀, nítorí kò sí ibì kan ṣoṣo tó lè bọ́ ilé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin rẹ̀.

Ẹ ra ìwé pélébé kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń jẹun nínú ilé yín sí i, àti ọjọ́ orí wọn. Ẹni tó lóyún, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, arúgbó, aláàbọ̀ ara, opó, ọmọ aláìníyàá tí ẹ ń tọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà NIN tiyín, àti nọ́ńbà fóònù tó ń lọ. Mo ti rí ìdílé tí wọ́n pè, tí fóònù wọn kò lọ, tí wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Tí ẹ kò bá ní fóònù, ẹ lo ti ará ilé tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti lò ó. Tí ẹ kò bá tíì ṣe NIN, ẹ lọ ṣe é báyìí. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ìwé orúkọ tó tóbi jù ni ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní National Social Register. Láti ọdún 2016 ni ètò tó gbé e jáde ti bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń fún lówó. Nígbà àkọ́kọ́, ₦5,000 lóṣù ni. Ní 2023, ìjọba kéde ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Wọ́n sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí NIN wà kí owó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ní fọ́ọ̀mù kan tí wọn yóò lọ kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wá sí àdúgbò, wọ́n á pe ìpàdé. Àwọn ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni yóò dárúkọ àwọn tí kò ní. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa wọ ojúlé dé ojúlé láti bi yín ní ìbéèrè.

Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé yẹn kọjá yín. Tí baálẹ̀ bá ní kí akéde kéde rẹ̀, ẹ fi oko sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ lọ bá olórí àwọn obìnrin àdúgbò yín kí ó mọ ipò tí ẹ wà, nítorí òun ni yóò sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kí àwọn obìnrin dárúkọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá sì wọ ilé yín, ẹ sọ òtítọ́. Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá, ìyá á wo ojú ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀, á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìdáhùn yẹn ló yọ ọ́ kúrò.

Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá wọ́n ti wá sí àdúgbò yín, ẹ lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín: Kábà fún Kábà-Búnú, Ìyàrá fún Ìjùmú, Mọ́pà fún Mọ́pà-Mùrọ̀, Ìsánlú fún Yàgbà Ìlà-Oòrùn, Odò-Ẹrẹ fún Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ béèrè ọ́fíìsì wẹ́fíà, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tó ń mójú tó ìwé orúkọ náà. Ẹ mú ìwé pélébé yín dání. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti béèrè nípa Fadama, ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba, nítorí lábẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ NG-CARES wọ́n máa ń fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti ohun ọ̀sìn. Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ tòní, àmọ́ ó jẹ́ oúnjẹ oṣù mélòó kan sí i.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó kọ orúkọ yín, olè ni. Ẹni tó bá fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ẹ kọ nọ́ńbà ATM àti PIN yín síbẹ̀ kí wọ́n lè fi owó ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́, olè ni òun náà.

Ilé Ọlọ́run ni mo fọkàn tán jù, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń yá jù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkórè. Ní ECWA, ní Àgùdà, ní Áńgílíkà, ní gbogbo ìjọ tó wà nílẹ̀ wa, lọ́jọ́ ìkórè, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gààrí, epo àti adìyẹ ni yóò kún iwájú pẹpẹ. Wọ́n á ta èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ní gbàǹjo, wọ́n á sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún opó àti aláìní. Ta ni opó tí wọ́n ń sọ? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ni. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, ní ọjọ́ tí kì í ṣe Sunday, nílé rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má dúró de pásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí èèyàn ogún ń fà á lápá. Ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ ní àyíká. Ẹ sọ ọ́ báyìí:

“Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Àwa márùn-ún là ń jẹun nílé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni àwọn ọmọ ń jẹ. Bàbá wọn kò lè lọ sóko mọ́. Tí ohunkóhun bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí wa. Tí iṣẹ́ bá sì wà tí mo lè ṣe gba oúnjẹ, mo ṣe tán.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní láti sunkún. Ẹ kò ní láti sọ gbogbo ìjà tó wà láàárín tọkọtaya. Iye ènìyàn, iye ìgbà tí ẹ ń jẹun, ohun tó fà á, ohun tí ẹ ń fẹ́: mẹ́rin yẹn ni olórí ẹgbẹ́ nílò kí ó tó lè bá àwọn ìyókù sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá wà nítòsí ìjọ Àgùdà, ẹ bi kátékíìsì bóyá ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ wà níbẹ̀. Ìlú Paris ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1833, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa lọ bẹ aláìní wò nínú ilé rẹ̀, ní méjì-méjì. Wọn kì í béèrè ìjọ tí ènìyàn ń lọ. Mo fẹ́ràn ọ̀nà tiwọn nítorí wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á rí ìkòkò, aládùúgbò kò sì ní mọ ohun tí wọ́n gbé wá.

Ní ti mọ́sálásí, sàká wà, sàká ìtúnu sì wà. Ti ìtúnu ni gbogbo ilé Mùsùlùmí tó bá ní oúnjẹ tó ju ti ọjọ́ náà lọ gbọ́dọ̀ yọ kí wọ́n tó kírun ọdún: sàá kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọwọ́ pàápàá, èyí tó tó nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ìrẹsì tàbí àgbàdo. Ẹ rò ó wò, ilé elénìyàn mẹ́wàá. Nítorí náà, kí ààwẹ̀ tó pé ogún ọjọ́, ẹ ti lọ bá lẹ́mọ́ọ̀mù tàbí ẹni tó ń kó o jọ fún un. Lásìkò ààwẹ̀ náà, oúnjẹ ìṣínu máa ń wà ní mọ́sálásí nírọ̀lẹ́. Ẹran Iléyá sì wà fún aládùúgbò, yálà ó ń kírun tàbí kò kírun. Nínú ilé Okun kan náà la ti ń rí Mọ́mọ̀dù àti Jòsẹ́fù, kí ẹnikẹ́ni má tijú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn ọmọ, nítorí ọmọ kì í lè dúró de ìkórè.

Téèpù kan wà ní ibùdó ìlera tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù mẹ́fà títí di ọdún márùn-ún. Ó ní àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa. Agbedeméjì èjìká àti ìgbúnwọ́ òsì ni wọ́n ń wé e mọ́. Tó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, kò burú. Ìyeyè, oúnjẹ kò tó. Pupa, ìyẹn ni pé apá náà kò tó 11.5, kí ẹ má sun ilé mọ́jú. Ohun mìíràn wà tí ẹ lè ṣe nílé: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì, òdìkejì àtẹ́lẹsẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ gbé e kúrò. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé ní ẹsẹ̀ méjèèjì tí kò tètè kún, ọmọ náà kò sanra o, ó wú ni. Àwọn ìyá ọkọ máa ń yìn ín pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi. Ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ ìtọ́jú tí wọ́n fi ẹ̀pà àti mílíìkì ṣe sínú ọ̀rá wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kì í ṣe gbogbo ibùdó ló ní in, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì sọ ibi tó sún mọ́ yín jù tó wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ po Tom Brown, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ ọmọ: òṣùwọ̀n mudu mẹ́fà àgbàdo tàbí ọkà bàbà, mẹ́ta sóyà, ọ̀kan ẹ̀pà. Ẹ yan ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí sóyà yan dáadáa, nítorí sóyà tútù a máa da ikùn ọmọ rú. Ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀, kí ẹ máa fi ro ẹ̀kọ mímu. Mélòó kan nínú àwọn ìyá lè dáwó jọ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ bọ́.

Ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2016 wà fún ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ó máa ń dáwọ́ dúró, ó sì máa ń padà bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí agbébọn lé kúrò lóko tàbí ní ìlú wọn, ẹ má fọ́n ká láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kó orúkọ jọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan, iye ènìyàn, ibi tí ẹ sá kúrò. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà nípasẹ̀ ọba tàbí baálẹ̀ ibi tí ẹ wọ̀ sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ pàjáwìrì ti ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja àti sí NEMA, ilé-iṣẹ́ pàjáwìrì ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í fi ẹnu lásán ṣiṣẹ́, ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Red Cross náà ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ wa.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ lọ sí ibi tí èrò bá ti pọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ń pín oúnjẹ Kérésìmesì ní Maitama ní Àbújá àti ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra. Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá kú ní Maitama, ti Òkìjà lé ní ogún. Ìyá àti ọmọ tó jí lọ wá ìrẹsì. Tí ẹ bá dé ibi ìpín tí kò sí okùn, tí kò sí ìlà, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ padà sílé. Ẹ lọ bá ẹni tó kọ orúkọ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀nà àtijọ́ kan ṣì wà, pípèéṣẹ́. Lẹ́yìn tí olóko bá ti wú ẹ̀pà tàbí kó àgbàdo tán, tí ẹ bá tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó kọ̀. Kajú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olóko wa, kóró nìkan ni wọ́n ń fẹ́, èso náà á máa rà nílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá wọn ṣa kóró, kí ẹ máa kó èso lọ. Ọmọdé lè mu omi rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ṣa á ni, nítorí ó tètè ń kan. Kí wọ́n má fi ẹnu kan kóró tútù, epo ara èèpo rẹ̀ ń bó ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fúnni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun yíyàwòrán ìyá pẹ̀lú mudu gààrí kan lọ́wọ́ láti gbé e sórí Facebook. Mo mọ àwọn tó tìtorí fọ́tò yẹn kọ̀ láti wá.

Tí wọ́n bá sì pín tí kò kàn yín, ẹ má bínú lọ sílé kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ padà lọ bá ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, pẹ̀lú ìwé pélébé yín. Ẹ bi í pé kí ló kù. Tó bá ní òun ti kọ yín sílẹ̀ fún ìgbà tó ń bọ̀, ẹ rọra ní kí ó fi ibi tí orúkọ yín wà hàn yín, kí ẹ sì wò bóyá iye ọmọ yín pé, bóyá nọ́ńbà fóònù yín tọ̀nà, kí ẹ tó dìde.