Bí Mo Ṣe Ṣẹ́gun Ọbẹ̀dò Nínú Àpótí Omi Iyọ̀ Mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ọbẹ̀dò jà nínú àpótí gíláàsì tí mo fi ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè (ẹ̀dá òkun ẹlẹ́nu kéékèèké, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Ó gùn bí irun orí, ó bo òkúta, ó sì ń lọ́ mọ́ àwọn iyùn débi pé wọn ò lè ya ẹnu mọ́.

Oògùn ni mo kọ́kọ́ sáré rà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tó tún hù, ìgbín òkun mi méjì sì bá a lọ. Ó dùn mí gan-an.

Omi kànga ni ìdí ọ̀ràn. Òun ni mo fi ń po iyọ̀. Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ni mo rí i pé àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní fọ́síféètì àti náítíréètì kún inú rẹ̀. Oúnjẹ ọbẹ̀dò gan-an nìyẹn!

Omi tí ẹ̀rọ RO (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi) sẹ́ ni mò ń lò báyìí, iyọ̀ òkun gíráàmù 35 sí lítà kan. Ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ dán an wò. Mo dín iná kù láti wákàtí 12 sí 7, mo sì dín oúnjẹ ẹja kù.

Àwọn òkúta ńkọ́? Mo kó wọn sínú garawa omi iyọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ha wọ́n nínú àpótí o, ègé tó bá já á tún lọ hù níbòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, iyùn tó tóbi jù ya ẹnu. Mo pariwo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.