Ankárá ₦12,000 tí ìkànnì mi tà ní ₦120

₦83,160 ni mo yọ nínú àpò ara mi fún ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági. Inú ṣì ń bí mi. Ìkànnì tí mo ṣe fún wọn ló ta ankárá ₦12,000 fún èèyàn 7 ní ₦120.

Mo sì yẹ iṣẹ́ náà wò kí n tó gbé e síta o. Ní Agbówó tí mò ń gbé, dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Mo wá kọ server ayédèrú, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, sórí kọ̀ǹpútà mi, kó máa dáhùn bíi server ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó. Ìdánwò 64 ni mo ṣe, gbogbo wọn yege.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe yẹn. Mo tún àwọn ìdánwò náà ṣe, wọ́n tún yege. Mo fura sí ẹ̀dínwó, mo fura sí ibi tí iye ọjà ń gbà wọlé, mo tú kọ́ọ̀dù palẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá ń pè: "Ọmọ mi, ṣé o ti rí ibi tó ti ń jò?" Mo ní, "Mò ń wá a lọ́wọ́, mà." Ìgbà tí mo lo kọ́kọ́rọ́ ìdánwò (àmì àṣírí tí a fi ń dán iṣẹ́ wò láìsan owó gidi) lórí server gidi ti ilé iṣẹ́ náà ni mo tó rí i: kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó. 12000 tí mo fi ránṣẹ́, ₦120 ni lọ́dọ̀ wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn! Server ayédèrú mi kò sì lè bá mi jiyàn, torí èmi náà ni mo kọ ọ́. Àṣìṣe kan náà ló wà lápá méjèèjì, wọ́n wá ń jẹ́rìí fún ara wọn.

Síbẹ̀, mi ò ju server ayédèrú náà nù. Ta ló lè pàṣẹ fún server gidi pé kó dákú? Mo ní kí tèmi dá 500 padà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ pé server ní ìṣòro, mo ní kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó fèsì, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì ìsanwó lẹ́ẹ̀mejì yóò ra ọjà méjì. Mo tún un ṣe kí oníbàárà kankan tó kó sí i. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ní báyìí, èsì tí mo gbà sílẹ̀ lára server gidi ni ayédèrú ń sọ, kì í ṣe èyí tí mo kàn finú rò. Ní gbogbo alẹ́ Friday, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ìdánwò ṣe márùn-ún lára àwọn ìdánwò náà lórí server gidi, iye yòówù kí dátà jẹ́. Èyí tó sì yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe: ìkànnì náà ń fi owó tó wọlé wé iye ọjà kó tó ní kí ìyá di aṣọ fún ẹnikẹ́ni.