Bí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó fún kọ̀ǹpútà yín ní àdírẹ́sì

Àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí kọ̀ǹpútà ilé ń lò, àyálò ni. Rọ́útà tàbí MiFi tó wà nílé yín ló yá a, ó sì lè gbà á padà.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yín. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 192.168.1.23 níwájú IPv4 Address. Èyí tó wà níwájú Default Gateway ni ti rọ́útà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a máa lò ó.

Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń wọ Wi-Fi báyìí ló máa figbe ta: "Ta ló ní àdírẹ́sì nílẹ̀?" Rọ́útà á ní, "192.168.1.23 ṣófo." "Ẹ fún mi." "Ó ti di tìẹ, títí di aago yìí lọ́la." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ni DHCP, ètò tí rọ́útà fi ń yá àdírẹ́sì fúnni. Tí àkókò bá ti dé ìdajì, kọ̀ǹpútà á ti lọ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún. Ó gbọ́n ju ayálégbé mìíràn lọ.

2. Bó bá jẹ́ 169.254 ni nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dá kọ̀ǹpútà lóhùn, òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ nọ́ńbà náà. Ẹ kọ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew. Bí kò bá gbà, ẹ pa rọ́útà, kí ẹ tún un tàn.

3. Ẹ wá "what is my IP" lórí Google. Nọ́ńbà mìíràn lẹ máa rí, torí 192.168 kì í jáde nílé. Aládùúgbò yín náà lè máa lò ó. Ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ló ni ti ìta yìí. Ní Áfíríkà, AFRINIC, àjọ tó ń bójú tó àdírẹ́sì IP, tó wà ní Mauritius, ló ń pín in fún wọn. Gbogbo IPv4 (irú àdírẹ́sì oní nọ́ńbà mẹ́rin yìí) tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì kárí, ni wọ́n ṣe ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. Bí àdírẹ́sì WAN rọ́útà yín (èyí tí ilé iṣẹ́ dátà fún rọ́útà fúnra rẹ̀) bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ wà lára wọn. Ẹ má wulẹ̀ bá ẹni tó so kámẹ́rà CCTV jà pé ẹ ò lè fi àdírẹ́sì yẹn wò ó láti ìta.

4. Prínta tó ń sá lọ ló ń bí èèyàn nínú jù: ó ti gba nọ́ńbà tuntun, kọ̀ǹpútà ṣì ń wá a sí ti àtijọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà Default Gateway yẹn sínú Chrome, ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù rọ́útà wọlé (ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí, kí ẹ ṣí Address Reservation. Ẹ yan prínta náà, ẹ fún un ní nọ́ńbà tó bá ti rọ́útà yín mu, bíi 192.168.1.50, ẹ tẹ Save. Kí ẹ wá pa prínta, kí ẹ tún un tàn, kó lè lọ gba nọ́ńbà rẹ̀.