Etí ni kẹ́ ẹ fi wo fíìmù yìí

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, Òmù-Àrán ni wọ́n bí mi sí, Ìlọrin ni mo ń gbé. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, wọ́n ní kí n ṣe ará oko. Mo bá ń sọ ẹ̀ka èdè tí ìyá mi sọ sí mi létí. Olùdarí ní rárá o, ará oko kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Ló bá kọ́ mi ní ti ará oko! Àtìgbà náà ni mo ti ń wo fíìmù bí mo ṣe fẹ́ júwe yìí.

Ẹ wá fíìmù Ítálì tó ń jẹ́ I soliti ignoti, tí Mario Monicelli darí lọ́dún 1958. Àwọn olè tí kò mọ olè é jà ní Róòmù ni: wọ́n fẹ́ dá ògiri lu dé ilé tí wọ́n ti ń fi ẹrù dógò yáwó. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín.

Nígbà kejì, ẹ mú bíró. Ẹ ya bébà sí mẹ́ta: orúkọ, ibi tó ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ferribotte, ará Sísílì, ti àbúrò rẹ̀ obìnrin mọ́lé. Capannelle, bàbá tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀ lórí oúnjẹ, ará Bologna. Nicoletta, ọmọ ọ̀dọ̀, ìhà Veneto ló ti wá. Ẹ pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Tiberio: ayàwòrán tí kò ní kámẹ́rà, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n nítorí sìgá fàyàwọ́, òun ló ń gbé ọmọ kiri. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ọkùnrin tó gbọ́mọ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, àbí ìyà tó ń jẹ ẹ́. Èmi ò tíì dá a mọ̀.

Ìgbà kẹta ló dùn jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán kì í fi ohùn ìlú kankan hàn, torí náà ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu kálukú. Ẹ wá rántí pé ẹnu àyálò ni. Òṣèré Tiberio Murgia tó ṣe Ferribotte ará Sísílì, ọmọ Sàdíníà ni, ohùn ẹlòmíì ni wọ́n gbé lé e lẹ́nu. Carlo Pisacane tó ṣe ará Bologna, ọmọ Naples. Claudia Cardinale tí wọ́n tì mọ́lé yẹn, Tunis ni wọ́n bí i sí, ohùn tirẹ̀ náà kọ́ là ń gbọ́. Ará Sísílì tó wà lọ́kàn ará Róòmù lẹ ń wò. Mo ti mọ olùdarí irú ìyẹn rí.

Síbẹ̀ n kò bú Monicelli. Ògiri tí kì í ṣe èyí ni wọ́n dá lu, gbogbo wọn sì jókòó ti màkàrónì àti ẹ̀wà onílé. Ebi ò bi wọ́n níìlú.

Ó kù tiwa. Èmi àti aládùúgbò mi kan, ọmọ Gàm̀bàrí níbí, fi bébà oníhà mẹ́ta náà wo fíìmù Yorùbá kan. Gbogbo ẹni tó sọ Hausa níbẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n fi í sí. Tísà ìṣirò ni aládùúgbò mi. Ó gba bíró lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi dà?”