Bí mo ṣe yan iná kírísítà fún pálọ̀ màmá mi l'Ájàṣẹ́

Nígbà tí àwọn bíríkìlà àti àwọn akunlé parí iṣẹ́ nílé màmá mi l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), iná pálọ̀ ló já lé mi lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ bùkátà táìlì àti ọ̀dà. Wọ́n ní kí èmi lọ wá lústírì kírísítà tó máa bá pálọ̀ náà mu, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní ṣáńdẹ́líà. Màmá ò béèrè ohun púpọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ iná tí ojú rẹ̀ máa ṣú lẹ́yìn ọyẹ́ kan péré, àwọn ò sì fẹ́ èyí tí àlejò máa fi orí gbá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n títí mo fi rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ́ kí ìtànṣán inú ṣọ́ọ̀bù yan iná fún wọn, bẹ́ẹ̀ pálọ̀ tó máa gbé e ló yẹ kó yàn án.

Téèpù ni mo kọ́kọ́ mú kí n tó mú owó. Pálọ̀ náà gùn ní mítà 5.40, ó fẹ̀ ní mítà 4.20, láti ilẹ̀ dé àjà sì jẹ́ mítà 3.40. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ iná máa ń lò: wọn a ro gígùn yàrá pọ̀ mọ́ fífẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, iye tó bá jáde ni fífẹ̀ iná náà ní íǹṣì. Àwa tó ń fi mítà wọn nǹkan lè ro méjèèjì pọ̀, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 8.3, yóò fún wa ní sẹ̀ǹtímítà. Àròpọ̀ tèmi jẹ́ 9.60, ìyẹn sì fún mi ní nǹkan bí 80. Mo kọ ọ́ sínú fóònù mi pé èyí tó bá fẹ̀ ju 80 lọ kì í ṣe tèmi, èyí tí kò bá tó 70 náà kì í ṣe tèmi. Gíga rẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 21 sí 25 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí àjà fi ga. Ti màmá mi wá bọ́ sí nǹkan bí 70 sí 85.

Ibi tí mo ti ronú jù ni bí ìdí iná náà ṣe máa jìnnà sí ilẹ̀ tó. Mítà 2.10 ni ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ. Ìyẹn lè tó fún ibi tí wọn kì í wé gèlè. Pálọ̀ yìí ni a ti ń kí àwọn àna káàbọ̀, ibẹ̀ la ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ náà ni gbogbo ẹbí ń jókòó sí lọ́jọ́ iléyá. Mo ní kí àbúrò mi obìnrin wé gèlè rẹ̀ tó le jù, kó wọ bàtà gogoro, kó wá dúró láàárín pálọ̀. Láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó gèlè, mítà 1.98 ni. Nígbà tó wá gbé ọwọ́ sókè láti tún gèlè náà ṣe, bí gbogbo obìnrin ṣe máa ń ṣe, ìka rẹ̀ kọjá 2.10. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fi 2.25 ṣe òpin. Ó túmọ̀ sí pé iná náà, ṣéènì rẹ̀ àti ife tó ń bo ojú wáyà lókè, gbogbo wọn pọ̀, kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 1.15 lọ.

Àwọn tó ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ sí ìlú wa lè má ní ìṣòro yìí, torí àjà wọn máa ń ga dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí àjà ilé rẹ̀ kò ju mítà 2.80 lọ, mo rọ̀ ọ́ kó má wulẹ̀ wo èyí tó ní ṣéènì rárá.

Irú mẹ́ta ló pọ̀ jù lórí àtẹ, yálà ní ọjà Wàńdò níbí tàbí ní Kútọ̀nú. Ọ̀kan ni alápá, tí gílóòbù máa ń dúró ṣánṣán lórí apá kọ̀ọ̀kan, tí òkúta kírísítà sì ń rọ̀ sábẹ́ wọn. Èyí tí wọ́n bá fi gíláàsì bo irin apá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Maria Theresa, orúkọ ọbabìnrin tó jẹ ní ilẹ̀ Ọ́síríà láti 1740 sí 1780. Òmíràn ni alágbọ̀n, tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kírísítà hun yí gílóòbù ká. Ẹ̀kẹta lẹ̀ mọ́ àjà, kò ní ṣéènì. Alágbọ̀n lẹ́wà púpọ̀, mi ò ní parọ́, ó sì fà mí lójú. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń wọ inú rẹ̀, ọwọ́ kì í sì í dé ibẹ̀ àfi tí èèyàn bá tú okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ màmá mi ló pa alágbọ̀n rẹ́. Alápá ni mo mú.

Òkúta gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọ̀nú, lústírì alápá méjì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èèyàn ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ 65,000 sẹ́fà, èkejì jẹ́ 190,000. Ọmọ Yorùbá ni ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ kú ọjà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á tí owó àwọn méjèèjì fi jìnnà síra báyìí?"

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Èyí tó wọ́n yẹn, kírísítà gidi ni. Yúróòpù ló ti wá."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ bá mi tú òkúta ẹyọ kan lára ìkọ̀ọ̀kan, kí n fọwọ́ bà á."

Wọn ò bínú rárá. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn gbé àkàbà wá.

Mo fi òkúta ti olówó pọ́ọ́kú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kò tutù. Mo fi èkejì kàn án, ó tutù rinrin, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó móoru. Mo gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì: títóbi wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n èkejì wúwo tó ìlọ́po méjì. Mo fi èékánná ta wọ́n, àkọ́kọ́ dún pọ́kú, èkejì ró tìn-ín. Ike ni àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní akirílíìkì. Gíláàsì ni èkejì. Ẹni tí kò bá fẹ́ tú òkúta lè wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Tí ó bá jẹ́ gíláàsì tí wọ́n gé dáadáa, ìlà tí ojú méjì ti pàdé máa ń mú, ó máa ń gún régé, àtàǹpàkò á mọ̀ ọ́n lára. Ti ike tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń yọ̀, etí rẹ̀ á ti kú. Kí èèyàn tún gbé òkúta náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó wò ó bóyá ìhó afẹ́fẹ́ kéékèèké wà nínú rẹ̀, torí òkúta tó dára kì í ní in.

Mi ò sọ pé ike ò wúlò. Fún ilé tí àjà rẹ̀ kò lágbára, fífúyẹ́ rẹ̀ dára. Àmọ́ ó máa ń há tí a bá ń nù ún, bí ọdún bá sì ń gorí ọdún, ó lè pọ́n. Ní pálọ̀ tí wọ́n máa nu eruku rẹ̀ lọ́dọọdún, mi ò lè gbà á.

Ti Yúróòpù yẹn wá ńkọ́? Mo ní kí Màmá oníṣọ́ọ̀bù jọ̀ọ́ jẹ́ kí n rí páálí rẹ̀. K9 ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú orúkọ Zhongshan, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní Ṣáínà, tí Guzhen tó ti gbajúmọ̀ káàkiri ayé fún iná ṣíṣe wà lábẹ́ rẹ̀. K9 kì í ṣe ayédèrú o. Gíláàsì tó mọ́ gaara ni, irú èyí tí wọ́n ń lò fún awò, ṣùgbọ́n kò ní òjé nínú. Òjé ló gbé kírísítà àtijọ́ níyì. Ní 1674 ni George Ravenscroft, oníṣòwò kan ní Ìlú Ọba, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí gíláàsì tuntun tó ń ṣe, òjé tó sì fi sínú rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Òjé yìí ń mú kí gíláàsì wúwo, ó ń mú kó rọrùn láti gé, ó sì ń jẹ́ kó ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè ju ti gíláàsì lásán lọ. Òfin Yúróòpù ti 1969 sọ pé gíláàsì tí èròjà òjé inú rẹ̀ bá tó ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè jẹ́ kírísítà olójèé. Ó gbọ́dọ̀ tó 30 kó tó bọ́ sí ipò tó ga jù. Kì í wá ṣe gbogbo ohun tó dára ló ní òjé mọ́: láti 2012 ni Swarovski, ilé iṣẹ́ Ọ́síríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895, ti ń ṣe kírísítà aláìlójèé.

Mo fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún Màmá oníṣọ́ọ̀bù pé K9 yẹn wù mí, ṣùgbọ́n pé owó òjé kọ́ ló yẹ kí n san lé e. Wọ́n ní ohun tí ẹni tó kó o wá bá wọn sọ làwọn náà ń sọ. A ná an títí, a fi í sí 145,000. Mo ní kí wọ́n fi òkúta díẹ̀ sí i fún mi ní èènì, pẹ̀lú ìkọ́ kéékèèké tí a fi ń so wọ́n rọ̀. Ẹ má ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìgba èyí. Bí òkúta kan bá fọ́, ẹ lè wá irú rẹ̀ títí kí ẹ má rí i.

Kí n tó sanwó, mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan nínú báàgì mi, mo fi kan irin apá rẹ̀ àti àwọn ìkọ́ náà. Idẹ kì í fa mágínẹ́ẹ̀tì. Irin tí wọ́n kàn fi wúrà kùn lójú ló ń fà á. Ọ̀sà wà nítòsí wa, òkun náà ò jìnnà, afẹ́fẹ́ wa sì ń jẹ irin. Apá rẹ̀ kò fà á. Ìkọ́ díẹ̀ fà á, mo sì ní kí wọ́n pààrọ̀ wọn kí wọ́n tó di páálí, torí ìkọ́ tó bá dípẹtà ló ń sọ òkúta sílẹ̀ lórí èèyàn.

Ti gílóòbù kò gba àkókò púpọ̀, àmọ́ ó lè ba gbogbo owó yẹn jẹ́. Apá mẹ́jọ ló ní, ẹnu E14 tó tín-ín-rín. Mo ra LED wáàtì 4 tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, tí èèyàn ń rí okùn iná inú rẹ̀. Gílóòbù tí wọ́n fi funfun bo ojú rẹ̀ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, òkúta ò ní tàn yinrin bó ti yẹ. Mo mú 2700K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ìmọ́lẹ̀ tó ní àwọ̀ oyin díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi 6500K, tó funfun gan-an, dán an wò fún mi, gbogbo ara wa sì rí ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ jẹ́ wáàtì 32; ká ní gílóòbù àtijọ́ ni, 320 ni ì bá jẹ́ fún ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Bùrọ̀dá oníná tó bá wa so ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iná náà wúwo tó kílò 14, pákó àjà tó wà nísàlẹ̀ kò sì lè gbé e. Wọ́n lu pákó náà jálẹ̀ dé kọnkéré òkè, wọ́n fi bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò de ìkọ́ irin mọ́ ọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká dán an wò ká tó gbé iná kọ́. Wọ́n so àpò símẹ́ǹtì kílò 50 rọ̀ sórí ìkọ́ náà, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò yẹ̀ rárá. Wọ́n so wáyà aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò mọ́ irin ara iná náà kí iná mànàmáná tó bá jò sí i lára lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀, ohun tí àwọn kan máa ń gé dànù. Mo tún ní kí wọ́n pín gílóòbù sí mẹ́rin-mẹ́rin lórí súwíìṣì méjì. Tí kò bá sí àlejò, màmá mi á tan mẹ́rin. Tí iná ìlú bá lọ tí a bá ń lo bátìrì, mẹ́rin náà tó láti jẹun àti láti kàwé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gba nínù rẹ̀. Mo fi hàn án: kó pa á láti dísíjọ́ńtà, ibi tí a ti ń pa iná gbogbo ilé, kì í ṣe súwíìṣì lásán, kó jẹ́ kí gílóòbù tutù, kó fi aṣọ rírọ̀ kan tó rin díẹ̀ nu òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi gbígbẹ nù ún tẹ̀ lé e. Kó má fọ́n omi sí i lórí àjà, torí omi á ṣàn wọ ẹnu gílóòbù. Bó bá sì ti parí apá kan, kó sọ̀kalẹ̀ kó sún àkàbà. Kó má yí iná náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí yíyí ló ń tú ṣéènì àti wáyà lókè.