Bí ẹ ṣe lè kó iṣẹ́ dísáìnì yín kúrò lórí Mac bọ́ sórí Windows

Èèpo ìwé àti ojú ewé ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe jẹun, orí Mac ni mo sì ti kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà mi wá darúgbó débi pé kò gba macOS tuntun mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn áàpù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí n dúró sórí ti àtijọ́. Mo ro owó mi wò, mo bọ́ sórí Windows. Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn bá jiyàn yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé áàpù kọ́ ni ìṣòro. Photoshop, Illustrator àti InDesign fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ níbi méjèèjì, owó kan náà tí ẹ ń san fún Adobe ló sì bo ibi méjèèjì. Iṣẹ́ àtijọ́ ni ìṣòro: èyí tí ẹ ti ṣe sílẹ̀, tí oníbàárà lè ní kí ẹ ṣí lọ́la, tí kò sì gbọdọ̀ yí padà lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun

Orí Mac lẹ ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ètò yìí, nígbà tí fóńtì àti fọ́tò ṣì wà níbi tí iṣẹ́ mọ̀ wọ́n sí. Ẹ ṣí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú InDesign, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Package. Yóò kó dókúmẹ́ǹtì náà, àwọn fọ́tò tó so mọ́ ọn, fóńtì tó lò àti fáìlì IDML (ẹ̀dà iṣẹ́ tí InDesign àtijọ́ náà lè ṣí) sínú fódà kan. Illustrator náà ní Package tirẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé fọ́tò tó wà níwájú ìwé, inú Downloads ló ti ń sùn láti ọjọ́ yìí. Ẹ tún sọ iṣẹ́ náà di PDF, kí ẹ fi í sínú fódà kan náà. PDF yẹn ni ẹlẹ́rìí yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Fóńtì tó bá ti ọ̀dọ̀ Adobe Fonts wá kì í bá Package lọ. Kò burú, tí ẹ bá ti wọlé sínú àkáǹtì yín lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ lè pè é jáde níbẹ̀.

Dáráìfù tí ẹ ó fi kó ẹrù yìí, exFAT ni kí ẹ fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí (fọ́ọ̀màtì ni ọ̀nà tí dáráìfù ń gbà to fáìlì sórí ara rẹ̀). Mac ń kà á, Windows ń kà á, àwọn méjèèjì sì ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. NTFS, Mac lè kà á, kò kàn lè kọ nǹkan sí i ni. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. APFS àti HFS+, tí Mac fúnra rẹ̀ ń lò, ní tiwọn, Windows kò mọ̀ wọ́n kà rárá. Tí ẹ bá ki irú dáráìfù bẹ́ẹ̀ bọ̀ ọ́, ó lè sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ́ọ̀màtì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó. Cancel lẹ ó tẹ̀. Iṣẹ́ yín pé sórí rẹ̀, ojú Windows ni kò tó o.

Orúkọ fáìlì

Mo fi èyí ṣáájú fóńtì nítorí pé àwa tí à ń kọ Yorùbá ló ń bá fínra jù, ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà ọ́ yìí. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ o, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, kí àmì òkè tún tẹ̀ lé ìyẹn: ẹyọ mẹ́ta. Ó sì lè jẹ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kí àmì òkè tẹ̀ lé e: ẹyọ méjì. HFS+ tí Mac ń lò kí APFS tó dé lọ́dún 2017 máa ń tú u sí mẹ́ta kó tó tọ́jú orúkọ fáìlì. Windows kì í tú nǹkan kan. Bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, Ọjọ́.tif tó ti orí Mac àtijọ́ wá àti Ọjọ́.tif tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lórí Windows lè jọ wà nínú fódà kan, kí wọ́n jọra bí ìbejì, kí Windows má sì ráhùn. Ẹ ó da fọ́tò tuntun sínú fódà pé kí ó rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ìbéèrè pé ṣé kí n rọ́pò rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ náà ni InDesign sì máa gbé lọ fún atẹ̀wé.

Báyìí, orúkọ fáìlì tèmi kì í ní àmì kankan: ojo-eepo-03.tif. Ó ń dun ẹni tó fẹ́ràn àmì ohùn bíi tèmi, ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ ni òǹkàwé ti máa rí àmì, kì í ṣe lára fáìlì. Ẹ yí àwọn orúkọ náà padà lórí Mac, ẹ fi Relink inú InDesign so wọ́n mọ́ iṣẹ́ padà, kí ẹ tó wá tẹ Package.

Nígbà tí ẹ bá wà nídìí rẹ̀, ẹ yọ gbogbo àmì tí Windows kì í gbà lára orúkọ: \ / : * ? " < > |. Fódà tó ń jẹ́ "Èèpo iwájú/ẹ̀yìn, ṣé èyí ni?" kò ní wàhálà lórí Mac, lórí Windows, kò lè wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì kó fódà sínú fódà jù. Ọ̀pọ̀ áàpù Windows ṣì ń bínú tí gbogbo ọ̀nà dé ibi tí fáìlì wà bá ti kọjá lẹ́tà 260. D:\Ise ni mo fi iṣẹ́ mi sí tààrà. Àwọn fáìlì kéékèèké tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ._ àti .DS_Store, ìdọ̀tí tó bá yín wá láti orí Mac ni. Ẹ pa wọ́n rẹ́.

Fóńtì

Èyí tó bá parí sí .otf tàbí .ttf máa ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì. Fóńtì Mac àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní suitcase ni yóò dé orí Windows pẹ̀lú 0 KB, nítorí apá fáìlì tí Windows kì í rí ni gbogbo ohun inú rẹ̀ wà. Type 1, irú fóńtì àtijọ́ mìíràn, ní tirẹ̀, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Adobe ti ṣíwọ́ lára rẹ̀ pátápátá, kò sí Mac tàbí Windows tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Helvetica Neue àti Avenir Next máa ń bá Mac wá ni. Wọn kì í bá Windows wá, àṣẹ tó sì tẹ̀ lé wọn kò sọ pé kí ẹ dà wọ́n kọ síbòmíràn. Iṣẹ́ tó ti parí, tí ẹnikẹ́ni kò ní tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe mọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di outlines, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kò nílò fóńtì mọ́. Èyí tó ṣì ń lọ, ẹ ra fóńtì náà tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Noto Sans àti Noto Serif ni mo pààrọ̀ tèmi sí. Ọ̀fẹ́ ni, àmì wa sì jókòó dáadáa lórí wọn. Kí ẹ tó fọkàn tán fóńtì kankan, ẹ tẹ ẹ̀kọ́, ọ̀ṣọ́, ǹjẹ́, Ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ńlá, kí ẹ wò bóyá àmì òkè ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ń fò nínú InDesign, ẹ kọ́kọ́ lọ sí mẹ́nù Paragraph, ẹ yàn Adobe World-Ready Paragraph Composer. Nígbà mìíràn, fóńtì kò jẹ̀bi.

Tí ẹ bá ń fi fóńtì sórí Windows, Install for all users ni kí ẹ yàn. Áàpù mìíràn kì í rí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọ̀

Ẹ ó gbọ́ pé àwòrán máa ń ṣókùnkùn lórí Windows. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Gamma Mac (nọ́ńbà tó ń sọ bí ibi tó wà láàárín dúdú àti funfun ṣe máa mọ́lẹ̀ tó) jẹ́ 1.8 nígbà kan, ti Windows jẹ́ 2.2; láti Mac OS X 10.6 lọ́dún 2009 ni Mac ti wá sí 2.2. Ìyàtọ̀ tó kù ni pé ojú Mac ìgbà yìí ń fi àwọ̀ Display P3 hàn, tó gbòòrò ju sRGB tí ọ̀pọ̀ mọ́ńítọ̀ Windows ń lò. Pupa tó ń dán lọ́hùn-ún lè rọ níbí. Ẹ má torí ìyẹn fọwọ́ kan nọ́ńbà CMYK (ìwọ̀n yíńkì mẹ́rin tí atẹ̀wé ń lò) inú iṣẹ́ àtijọ́ o! Atẹ̀wé kò rí mọ́ńítọ̀ yín, nọ́ńbà yẹn ló rí. Ẹ fi irinṣẹ́ tó ń wọn àwọ̀ wọn mọ́ńítọ̀ náà wò, ẹ pa Night light, kí ẹ sì fi Color Settings tí ẹ tọ́jú lórí Mac sínú Photoshop tuntun. Fáìlì .csf tí Color Settings yẹn wà nínú rẹ̀ kò yan ibì kan láàyò.

Ọwọ́

Ọwọ́ ló máa pẹ́ jù kó tó gbà. Àtàǹpàkò ló ń tẹ Command, ọmọńdinrín ló wá ń wá Ctrl. PowerToys, áàpù ọ̀fẹ́ Microsoft, lè bá yín pààrọ̀ bọ́tìnnì méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi ò ṣe é, torí mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà oníbàárà náà. Enter tó ń yí orúkọ fáìlì padà lórí Mac, ṣíṣí ló ń ṣí fáìlì níbí. F2 ni ti orúkọ. Tí ẹ bá ti pa fèrèsé tó kẹ́yìn, áàpù fúnra rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Windows, Shift àti S lẹ ó fi ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Fún àmì ohùn, Option àti x tó ń fi àmì sísàlẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ABC Extended ti Mac kò sí mọ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, apá Language ni kí ẹ ti fi kún un, bọ́tìnnì Windows àti àlàfo lẹ ó sì máa fi bọ́ sórí rẹ̀.

Ẹni tó ń fi pẹ́ẹ̀nì yàwòrán: tí òbìrípo kékeré bá ń yọ níbi tí pẹ́ẹ̀nì bá ti dúró, tí ìlà sì ń falẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, Windows Ink, apá Windows tó ń bójú tó pẹ́ẹ̀nì, ló fà á. Ẹ pa á nínú sẹ́tìǹsì táblẹ́ẹ̀tì. Fún Photoshop, ẹ tún ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ PSUserConfig.txt sínú fódà Settings rẹ̀, kí ẹ kọ UseSystemStylus 0 sínú rẹ̀.

Ó kù PDF tó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ ṣí iṣẹ́ kan lórí Windows, ẹ sọ ọ́ di PDF láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ wá fi Compare Files inú Acrobat Pro wo òun àti ti Mac pọ̀. Ibi tí ìlà bá ti gé níbòmíràn, tàbí tí gbólóhùn bá ti sún lọ sójú ewé kejì, ó máa fi àwọ̀ tọ́ka sí i. Fóńtì ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ tún ìlà kankan ṣe.